Ọ̀gá Kì Í Sọ Pé "Ẹ Jọ̀ọ́"

[Fóònù ń dún. Wọ́n gbé e.]

KỌ̀ǸPÚTÀ: Hẹ́lò, ẹ káàárọ̀ mà.

AKỌ̀WÉ: Tísà Kọ̀ǹpútà, káàárọ̀. Ilé ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́? Ọmọ ti ń rìn?

KỌ̀ǸPÚTÀ: Wọ́n wà dáadáa mà. Mọ̀mí Akọ̀wé, inú ìdálẹ́kọ̀ọ́ ni mo wà o, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo sá jáde sí. Ṣé kò sí wàhálà?

AKỌ̀WÉ: Kò sí. Kò sí rárá. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yìí ló tún ń jẹ bébà.

KỌ̀ǸPÚTÀ: Ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ rọra fa bébà náà jáde. Ó dàbọ̀ mà—

AKỌ̀WÉ: Dúró! Nǹkan kékeré kan tún wà. Í-meèlì yìí, téèyàn bá ti fi ránṣẹ́ tán... ṣé ó ṣeé pè padà?

KỌ̀ǸPÚTÀ: Pè padà báwo?

AKỌ̀WÉ: Bí ìgbà téèyàn ránni níṣẹ́, tó wá ké sí i kó tó yà ní kọ̀rọ̀.

KỌ̀ǸPÚTÀ: Rárá mà. Tó bá ti lọ, ó ti lọ nìyẹn. Kí lẹ fi ránṣẹ́?

AKỌ̀WÉ: Ṣé o gbọ́ mi? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí—

KỌ̀ǸPÚTÀ: Mo gbọ́ yín kedere. Kí lẹ fi ránṣẹ́?

[Àga ń wọ́ nílẹ̀.]

AKỌ̀WÉ: Ìwé orúkọ àwọn ọmọ.

KỌ̀ǸPÚTÀ: Èwo? Fáìlì tí mo fi password tì yẹn?

AKỌ̀WÉ: Orúkọ lásán ni—

KỌ̀ǸPÚTÀ: Mọ̀mí. Orúkọ, àdírẹ́sì ilé, nọ́ńbà òbí, ẹni tó lè wá mú ọmọ lọ. Ṣé òun ni?

AKỌ̀WÉ: ...Òun ni. Àmọ́ kíláàsì kẹta nìkan ni o! Kì í ṣe gbogbo ilé ìwé.

KỌ̀ǸPÚTÀ: Password ńkọ́?

AKỌ̀WÉ: Mo fi kún un. Báwo ni ọ̀gá ṣe máa ṣí i tí mi ò bá fi kún un?

KỌ̀ǸPÚTÀ: Ẹ gbà mí o! Ọ̀gá ló bèèrè?

AKỌ̀WÉ: Orúkọ ọ̀gá ló wà níbẹ̀ gbàgàdà.

KỌ̀ǸPÚTÀ: Orúkọ kọ́ là ń wò! Àdírẹ́sì í-meèlì tó wà lábẹ́ orúkọ là ń wò! Mo sọ ọ́ ní ìpàdé oṣù tó kọjá, mo sọ ọ́ títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Ẹnikẹ́ni lè kọ orúkọ ẹnikẹ́ni síbẹ̀. Sorry, please, ẹ jẹ́ kí n—

AKỌ̀WÉ: Má jágbe mọ́ mi. Lọ́jọ́ tí ò ń sọ ọ́ yẹn, ta ló ń gbé omi kiri fún gbogbo yín? Ta ló ní kí èmi náà wá jókòó?

KỌ̀ǸPÚTÀ: Ẹ má bínú mà. Ẹ ka í-meèlì náà sí mi létí.

AKỌ̀WÉ: "Ẹ káàárọ̀, Mọ̀mí Akọ̀wé. Ẹ kú làálàá. Inú ìpàdé ni mo wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ìwé orúkọ kíláàsì kẹta—"

KỌ̀ǸPÚTÀ: Dúró ná. "Ẹ" kí ni?

AKỌ̀WÉ: "Ẹ jọ̀ọ́."

KỌ̀ǸPÚTÀ: Ọ̀gá wa? Ọ̀gá wa yìí, tó ń pe bàbá ọlọ́dẹ ní "ìwọ", òun ló sọ pé "ẹ jọ̀ọ́"?

[Ẹnìkan ń fọn imú.]

AKỌ̀WÉ: Ọdún mọ́kànlá, Kọ̀ǹpútà. Àbúrò mi tó kéré jù dàgbà ju obìnrin yẹn lọ. "Ìwọ, wá. Ìwọ, gbé fáìlì." Níwájú òbí, níwájú ọmọ. Mo wá rí "ẹ jọ̀ọ́" láàárọ̀ yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Mo ní, ó ti yé e nígbẹ̀yìn. Inú mi dùn. Kí n má purọ́ fún ẹ, inú mi dùn débi pé omi lé sí mi lójú.

KỌ̀ǸPÚTÀ: Mọ̀mí...

AKỌ̀WÉ: Ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn ni mo pè é láti sọ pé mo ti ṣe é. Ó ní, "Ìwọ, ìwé wo ni mo bèèrè lọ́wọ́ ẹ?" Ó pa fóònù mọ́ mi létí. Mo tún pè é, ó ti pa á pátápátá.

KỌ̀ǸPÚTÀ: Aago mélòó lẹ fi ránṣẹ́?

AKỌ̀WÉ: Mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀.

KỌ̀ǸPÚTÀ: Ó ti ń lọ sí wákàtí kan! Kí ló dé tó fi jẹ́ kíláàsì kẹta nìkan? Ta ló wà níbẹ̀?

AKỌ̀WÉ: Ṣé o gbọ́ mi? Ò ń já—

KỌ̀ǸPÚTÀ: Mo ní ta ló wà ní kíláàsì kẹta!

AKỌ̀WÉ: Ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, báwo ni mo ṣe máa... Yéè. Yéè, mo gbé.

KỌ̀ǸPÚTÀ: Kí ni?

AKỌ̀WÉ: Téélọ̀.

KỌ̀ǸPÚTÀ: Obìnrin tó ń rán yúnífọ́ọ̀mù wa?

AKỌ̀WÉ: Ọmọ rẹ̀. Èyí tí mo fi lẹ́tà pupa kọ sí iwájú orúkọ rẹ̀ pé "Ẹ má sọ ilé wọn fún ẹnikẹ́ni." Ó sá kúrò lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ tó wá forúkọ ọmọ sílẹ̀, wọ́n di apá rẹ̀ kọ́ sí ọrùn. Èmi nìkan ló fi ilé náà hàn.

KỌ̀ǸPÚTÀ: Ọkọ yẹn mọ ilé ìwé wa?

AKỌ̀WÉ: Ó wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó bèèrè ilé wọn, mi ò sọ. Kọ̀ǹpútà, mi ò sọ! Mo ní kó jókòó de ọ̀gá. Orí bẹ́ǹṣì ló wà tí ọ̀gá fi jáde, tó pariwo mọ́ mi pé, "Ìwọ, ṣé adití ni ẹ́?" Ọ̀gá lé òun náà lọ. Bó ṣe ń jáde, ó wò mí, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Mọ̀mí Akọ̀wé." Mo rò pé àánú mi ló ṣe é.

KỌ̀ǸPÚTÀ: Ibi tó ń dùn yín ló ń wò. Òun ló kọ í-meèlì yẹn. Ọmọ náà ńkọ́?

AKỌ̀WÉ: Ó wà ní kíláàsì, mò ń gbọ́ wọn, wọ́n ń ka ìsọdipúpọ̀. Ìyá rẹ̀ ló dá wà nílé. Ibẹ̀ ló ti ń ránṣọ.

KỌ̀ǸPÚTÀ: Ẹ fi fóònù orí tábìlì pè é, ẹ má pa tèmi. Ọlọ́pàá kan wà nínú ìdálẹ́kọ̀ọ́ yìí. Ẹ fún mi ní àdírẹ́sì ilé náà.

AKỌ̀WÉ: Rárá.

KỌ̀ǸPÚTÀ: Kí lẹ wí?

AKỌ̀WÉ: Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé ìwọ ni?

KỌ̀ǸPÚTÀ: Mọ̀mí, ẹ̀yin lẹ pè mí!

AKỌ̀WÉ: Nọ́ńbà tuntun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi lánàá ni mo pè. Wọ́n ní tìẹ ni. Ìwọ náà lo ní ká máa bèèrè. Omi ni mò ń gbé kiri, etí mi ò di.

KỌ̀ǸPÚTÀ: Olúwa o! Ẹ bèèrè, ẹ bèèrè kíá!

AKỌ̀WÉ: Kí ni mo fún ẹ jẹ lọ́jọ́ Jímọ̀?

KỌ̀ǸPÚTÀ: Búrẹ́dì! Búrẹ́dì tó le bí òkúta, ẹ ní kí n rẹ ẹ́ sínú tíì!

AKỌ̀WÉ: Ìwọ ni. Kọ ọ́ sílẹ̀. Òpópónà ẹ̀yìn ilé epo, ilé kẹrìnlá, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé.

KỌ̀ǸPÚTÀ: [Ohùn rẹ̀ jìnnà.] Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n ọlọ́pàá, ẹ dákun, ẹ gba àdírẹ́sì yìí—

[Fóònù kejì ń dún, ó ń dún.]

AKỌ̀WÉ: Kò gbé e. Ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn ni kì í jẹ́ kó gbọ́ nǹkan. Gbé e, jọ̀ọ́. Gbé e.

[Wọ́n gbé fóònù kejì.]

AKỌ̀WÉ: Téélọ̀! Èmi ni, Akọ̀wé. Ti ilẹ̀kùn rẹ. Ṣé o gbọ́ mi? Mo ní tilẹ̀kùn!

KỌ̀ǸPÚTÀ: Ó ti gbé e? Wọ́n ti ń pe àwọn ọlọ́pàá tó wà nítòsí ibẹ̀ mà!

AKỌ̀WÉ: Ó ní ẹnìkan ń kanlẹ̀kùn lọ́wọ́.

KỌ̀ǸPÚTÀ: Kó má ṣí i!

AKỌ̀WÉ: Má ṣí i! Ta ni?... Ó ní ohùn ọkùnrin kan tí òun ò mọ̀ ni. Ó ní ó wá láti ilé ìwé, pé ọmọ ń ṣàìsàn. Ó ní...

KỌ̀ǸPÚTÀ: Ó ní kí ni?

AKỌ̀WÉ: Ó ní, "Mọ̀mí Akọ̀wé ló rán mi."

[Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń há.]

KỌ̀ǸPÚTÀ: Ẹ sọ fún un pé irọ́ ni!

AKỌ̀WÉ: Irọ́ ni! Mi ò rán ẹnikẹ́ni! Ṣé o gbọ́ mi? Téélọ̀, ṣé o— Kọ̀ǹpútà, orúkọ mi nìkan ló ń gbọ́. Ó ń dúpẹ́. Ó ní, "Ẹ ṣé mà, tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ rán an, mò ń ṣí—"

KỌ̀ǸPÚTÀ: Mọ̀mí? Mọ̀mí Akọ̀wé! Ṣé ẹ gbọ́ mi?

[Ìpè já.]