Tíṣà Ò Wá Fárùngbọ̀n Mọ́

Mi ò jókòó! Christopher, mo ní mi ò jókòó, gbé àga yẹn sọ́hùn-ún. Mi ò mu omi, bí Edith ìyàwó rẹ bá sì ń gbé oúnjẹ bọ̀, kó yáa gbé e padà sí ìdáná, oúnjẹ kọ́ ni mo bá wá. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn láti Ìdí-Òrò dé Sùúrùlérè níbí, mo mọ̀ọ́mọ̀ mú Sọ́ńdè, mo ní kí o ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ná, kí o má baà ríbi sá sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà! Sátidé mẹ́fà gbáko ni mo fi pọ́n abẹ dè ọ́, mo da aṣọ funfun bo àga, mo ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n ní sùúrù, Tíṣà ló máa kọ́kọ́ jókòó, Tíṣà kì í pẹ́. Tíṣà ò dé. Mo tiẹ̀ rò pé ara rẹ ò yá ni, mo ra ọsàn sílẹ̀ láti wá kí ọ, ọsàn náà ló jẹrà sí ṣọ́ọ̀bù.

Ṣé o mọ ẹni tó wá là mí lójú? Sylvester ni! Sylvester télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí kò lè rán ṣòkòtò kí ẹsẹ̀ méjèèjì gùn dọ́gba, òun ló wá sọ ọ̀rọ̀ mi fún mi! Àná báyìí ni o. Èèyàn mẹ́ta wà lórí bẹ́ńṣì, dírẹ́bà kan wà lórí àga, mo ti fi ọṣẹ kùn ún lágbọ̀n, mo gbé abẹ sókè báyìí, ni Sylvester bá yọrí lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Bàbá Àkàngbé, ṣé ẹ ti gbọ́ pé Tíṣà ra rẹ́sà òyìnbó? Èyí tí wọ́n ń ki bíléèdì sí lórí, tí wọ́n á fi ọmọrí dé e. Ilé ló ti ń fárùngbọ̀n báyìí o, gbogbo irorẹ́ ọrùn rẹ̀ ló ti wábi gbà."

Dírẹ́bà yẹn kàn fa aṣọ funfun mi, ó fi nu ọṣẹ kúrò lágbọ̀n, ó dìde, ó ní òun ń bọ̀. Òun ń bọ̀ kẹ̀! Ta ló ń lọ tó ń bọ̀, tọ́ṣẹ ṣì wà létí rẹ̀? Àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì ń wo ara wọn. Èmi dúró gbagidi, abẹ wà lọ́wọ́ mi, bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Ojú tì mí, Christopher. Ojú gbà mí tì.

Wọ́n ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Òwe iṣẹ́ mi rèé o! Èmi tí mo ń fárí fún gbogbo Mushin, èmi lẹ wá jókòó tí ẹ fá tèmi lẹ́yìn mi!

Ta ló fá irun tí o gbé wáyé? Dá mi lóhùn, èmi kọ́ ni? Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, ló gbé ọ wá bá mi, orí rẹ ò ju ọsàn lọ, ó ní, "Àkàngbé, ọwọ́ rẹ nìkan ni mo fọkàn tán." Ọjọ́ tí o gba ìwé ẹ̀rí tíṣà, ta ló gẹ irun rẹ? Ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ ńkọ́? Ìjọba ológun, ológun o, nígbà tí wọ́n fẹ́ yí ọkọ̀ sọ́wọ́ ọ̀tún lọ́dún tó kọjá, ṣé wọn ò kéde fún wa ni? Wọ́n kéde lórí rédíò títí etí wa fi kún, wọ́n ní ẹ gbọ́ o, ọjọ́ báyìí ni o. Ìwọ wá yí kúrò lọ́dọ̀ mi lójijì, o ò tiẹ̀ nawọ́!

Kí lo wí? Sọ̀rọ̀ sókè. O ní o ò fẹ́ kí inú bí mi? Èyí tó ń bí mi yìí ńkọ́, inú ẹlòmíì ni? Ojú lọ̀rọ̀ wà, Christopher! O ò bá wá bá mi, o ò bá ní, "Bàbá, abẹ yín ń pa mí lára." N óò pariwo, lóòótọ́. N óò lé ọ jáde pàápàá. Ṣùgbọ́n lẹ́nu rẹ ni n óò ti gbọ́ ọ, kì í ṣe lẹ́nu Sylvester. Ayé áfúrò la wà yìí, àwọn ọ̀dọ́ ò gẹrun mọ́, irùngbọ̀n ẹ̀yin ọmọ ọ́fíìsì ló kù tí mo gbójú lé. Bí ẹ bá ní abẹ mi ò dáa, kí ló kù tí mò ń ṣe láyé?

Wá síbí. Mo ní wá síbí, ojú fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Gbé àgbọ̀n sókè. Yí sọ́tùn-ún.

Háà.

Ibi tó máa ń ṣẹ̀jẹ̀ sí ọ lára kọ́là lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí Edith ń fi ọṣẹ fọ kọ́là títí, ibí kọ́? Ó ti jinná. Awọ rẹ dán. Ọmọ, ṣé o ní awọ báyìí látijọ́?

Ẹ̀ẹ̀kan péré lo ń fà á? Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀kan, bí irun ṣe hù náà ni o ṣe ń tẹ̀ lé e, ó parí? Gbọ́ ná. Èmi, mo máa ń fà á wálẹ̀, n óò tún fà á padà sókè, n óò fìka na awọ rẹ gan-an, kó lè dán bí abọ́, kí wọ́n lè béèrè pé ta ló fá ọ. Fáàrí tèmi nìyẹn. Bó bá wú, mo ní ẹ̀jẹ̀ rẹ ló gbóná. Mo ní ẹ̀pà lo ń jẹ jù. Ọdún mẹ́ta, o ò fẹnu kan ẹ̀pà! Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sójú egbò, omi ń bọ́ lójú rẹ, o sì ń sọ pé "Ẹ ṣeun, Bàbá." Ẹ ṣeun kẹ̀! Kí ló dé tí o ò bú mi?

Ṣé o rí i, mo mọ̀. Má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo ní mo mọ̀ pé abẹ ni! Bí mo bá purọ́, kí irin tí mo fi ń jẹun dá mi lẹ́jọ́. Irùngbọ̀n tí mo dá sí yìí, ọdún méjìlélógún, tí gbogbo àdúgbò ń pè mí ní ẹni Ọlọ́run nítorí rẹ̀, irọ́ ni. Egbò ni mo fi bò. Ara mi ò gba abẹ mi. Wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Onígbàjámọ̀ tí awọ tirẹ̀ ń sá fún abẹ, bí mo bá jẹ́wọ́, ta ni yóò tún jókòó sórí àga mi? Ni mo bá ní ẹ̀pà ni.

Ó dáa, mo ti jókòó.

Wo àpò mi. Tú áńkáṣíìfù yẹn. Ẹ̀n-ẹ́n, rẹ́sà ni. Jíbówú ni mo ti lọ rà á nírọ̀lẹ́ àná, níbi táwọn èrò ti ń wọkọ̀ lọ ilé, tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ mí. Ìyá tó tà á ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ máa lò ó?" Mo ní rárá, ọmọ mi tó wà l'Ógbómọ̀ṣọ́ ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí. Mo délé, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọrùn bí mo ṣe ń tẹ abẹ, ó gé mi níbi mẹ́ta. Èmi Àkàngbé, tí n kò ṣèèṣì gé ọmọ jòjòló rí!

Lọ ti ilẹ̀kùn. Má pe Edith. Má rẹ́rìn-ín, mo bẹ̀ ọ́. Fi síṣọ́ọ̀sì gé irùngbọ̀n yìí kúrú ná, lẹ́yìn náà kí o kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di rẹ́sà mú. Fi ọwọ́ kan ibí, abẹ́ etí níbí. Ó rí wórówóró bí ọkà bàbà, àbí? Ìyàwó mi pàápàá ò fọwọ́ kàn án rí. Ó ti tó, má sọ nǹkan kan. Fá mi, ọmọ mi.