Òjé Tí Mo Yọ Nínú Ọkọ̀ Afọláyan

Ẹ̀yin ará, ẹ sún mọ́ mi, nítorí ohùn mi kò dé ẹnu ọ̀nà mọ́. Kì í ṣe ogún ni mo pè yín wá pín. Mojísọ́lá aya mi mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà. Ọ̀rọ̀ kan ni ó há mi lọ́fun, bí n kò bá sì pọ̀ ọ́ jáde lónìí, èmi ni yóò gbé e dé iwájú Ẹni tí a kì í purọ́ fún. Ẹ wo ọkọ̀ onírin tí ó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Gbogbo ẹni tí ó bá wọ ilé yìí ni ó máa ń sọ pé, “Díákónì Ajíbóyè, ẹ mà fẹ́ràn ọ̀rẹ́ yín o, ẹ ṣì ń tọ́jú ọkọ̀ rẹ̀.” Èmi a sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀yin ará, èmi ni mo mú kí ọkọ̀ náà rì.

Ẹ rántí Afọláyan, Bàbá Ẹ̀bùn. Ó fi iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi sílẹ̀, ó tiro padà wá sílé, ṣùgbọ́n Ìkẹ́rẹ́ kò gbà á gbọ́. Níbo la ti rí òkun? Àpáta ni Ọlọ́run fi ta wá lọ́rẹ. Bí ó bá ti ń sọ pé ìgbì kan ga ju òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì lọ, Fúnṣọ́ tí ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin a ní, “Bàbá Ẹ̀bùn, ṣé kì í ṣe inú ìkòkò ọbẹ̀ àwọn sójà ni ẹ ti rí ìgbì yẹn?” Gbogbo wa a bú sẹ́rìn-ín. Òun náà a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi tí mo jókòó tì í máa ń rí i bí ó ṣe ń fún ọwọ́ ara rẹ̀ pọ̀.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé èyí tí wọ́n fún wa ní ìpínlẹ̀ tiwa, a gbọ́ pé ọ̀gá kan láti Adó ń bọ̀ wá síbi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó fẹ́ wo iṣẹ́ ọwọ́ wa, kí ó lè mú ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ níṣẹ́. Láti ìgbà tí mo ti gba òmìnira iṣẹ́ káfíńtà, ọkọ̀ ìkún-omi tí mo máa ń gbẹ́, tòun ti erin àti àgùntàn inú rẹ̀, ni ó máa ń gba ìyìn. Wọ́n ti ń pè mí ní Tíṣà kí ọ̀gá náà tó dé. Ìgbà náà ni Afọláyan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. “O kú uṣẹ́ o, ọ̀rẹ́ mi,” ó wí. “Mo rí àwòrán ọkọ̀ ogun kan nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Ayé bàbá àwọn bàbá wa ni wọ́n kàn án. Pákó ni, wọ́n wá fi irin wọ̀ ọ́ láṣọ. Ó ní ìgbòkun, ó ní ihò èéfín, ìbọn ńlá sì tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí eyín. Mo máa ń rò ó pé, ká ní kò kú, ká ní ó gbé ayé títí ó fi bá ọgbọ́n òde òní pàdé, báwo ni ì bá ti rí? Bá mi gbẹ́ pákó rẹ̀. Bí wọ́n bá rí i lórí omi, wọn ò ní pè mí ní òpùrọ́ mọ́.”

Mo bá a gbẹ́ ẹ. Ó fi páànù wọ̀ ọ́ láṣọ. Ó yọ ìgbòkun kúrò, ó fi mọ́tò kékeré tí ń yí kásẹ́ẹ̀tì nínú rédíò sí i. Gbogbo ìbọn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ó kó dànù, ó wá gbé ilé ìbọn kan ṣoṣo sáàrin, èyí tí ó lè yí sọ́tùn-ún sósì. Lókè pátápátá ni ó fi irin agbòòrùn ṣe ojú tí ń yí, èyí tí ó sọ pé ọkọ̀ òde òní fi ń rí ọ̀tá láti òkèèrè. Nígbà tí a kọ́kọ́ gbé e sínú àgbá omi, bí ilé ìbọn rẹ̀ ti yí, ó dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Afọláyan rẹ́rìn-ín. “Ṣé o rí i? Ọkọ̀ àtijọ́ ò ru irú ẹrù báyìí lórí. Ohun tó bá ga lókè gbọ́dọ̀ ní ohun tó dì í mú nísàlẹ̀.” Ó yọ́ òjé inú bátìrì mọ́tò àtijọ́, èmi sì gbẹ́ ihò fún un lábẹ́ ikùn ọkọ̀, mo fi ìdérí tí a ń tì gbọọrọ bò ó. Ọkọ̀ náà dúró ṣinṣin. Àwa méjèèjì nìkan ni a mọ ohun tí ó wà nínú ikùn rẹ̀.

Ẹ mọ àṣà wa: Sátidé ni ohun ìkórè máa ń dé iwájú pẹpẹ, ibẹ̀ ni yóò sì wà títí di ọjọ́ kejì. Ẹnìkan kì í ṣọ́ ọ, nítorí ta ni yóò ja Ọlọ́run lólè? Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà. Nígbà tí àwọn obìnrin gbálẹ̀ tán lọ́sàn-án, Fúnṣọ́ yí ọkọ̀ náà po níwájú pẹpẹ, ó ní, “Tíṣà, ọkọ̀ tiyín ti di páálí ọṣẹ lónìí o!” Ẹ̀fẹ̀ ni ó ń ṣe. Fúnṣọ́, má wo ilẹ̀, kì í ṣe ẹjọ́ rẹ. Ìlara ti bímọ nínú mi kí o tó sọ̀rọ̀. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ra mi, mo kúnlẹ̀ níbi tí mo ti máa ń gbàdúrà fún yín, mo sì yọ òjé náà. N kò lè fi í sílé kí aya mi má baà rí i. Àpò ṣòkòtò mi ni mo fi í sí wá sí ìsìn ní ọjọ́ kejì.

Lẹ́yìn ìsìn, gbogbo wa yí omi ìrìbọmi ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ká, omi kan náà tí wọ́n ti rì mí bọ̀ lọ́dọ̀ọ́. Afọláyan gbé ọkọ̀ rẹ̀ lé e. Ó mì díẹ̀, ó gbéra. Àwọn ọmọdé hó yèè! Ọ̀gá Adó na ọrùn. Ilé ìbọn wá yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọkọ̀ náà tẹ̀, ó dojú dé, omi sì gbé e mì. “Ọkọ̀ rì o!” Fúnṣọ́ kígbe, ẹ̀rín sì ta bí ààrá.

Èmi ni mo kọ́kọ́ bẹ́ sómi, tòun ti agbádá funfun. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹ ní ìfẹ́ rèé. Àánú kọ́ ló gbé mi síbẹ̀! Mo fẹsẹ̀ ru omi náà títí ó fi dọ̀tí, mo tẹríba sínú rẹ̀, mo sì ti òjé padà sí àyè rẹ̀, mo pa ìdérí rẹ̀ dé. Èyí ni ó burú jù. Ká ní mo jalè lásán ni, Afọláyan ì bá mọ̀ pé wọ́n ja òun lólè. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé ọkọ̀ náà lé e lọ́wọ́, ó ṣí ikùn rẹ̀, ó wò ó títí, ó sì sọ jẹ́jẹ́ pé, “Òjé wà níbẹ̀. Èmi ni n kò mọ̀ ọ́n ṣe.” Mo gbọ́, mo sì gbá a léjìká, mo ní, “Má bínú, ọ̀rẹ́ mi. Ó máa ń ṣẹlẹ̀.” Ó gbé ọkọ̀ náà padà fún mi. “Ìwọ nìkan ni o wọ omi nítorí mi. Tọ́jú rẹ̀. N kò fẹ́ rí i mọ́.”

Èmi ni wọ́n mú ní tíṣà. Òun ni ẹ sọ ní Ọkọ̀-Rì, títí tí àwọn ọmọdé fi ń pe Ẹ̀bùn ní Ọmọ Ọkọ̀-Rì lójú ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́. Ó kó ẹbí rẹ̀ lọ sí Ìmẹ̀sí-Lásìgídí, ó ń gbin ẹ̀gẹ́, wọ́n sì ní kò sọ̀rọ̀ òkun mọ́ láéláé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìlara kì í kan ilẹ̀kùn. Ẹnu ẹ̀fẹ̀ ni ó ń gbà wọlé. Ẹ lé e nígbà tí ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Afọláyan, dárí jì mí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò lójú tí mo lè fi wò ọ́. Ẹ gbé ọkọ̀ náà kúrò lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ fi bátìrì tuntun sí i, ẹ gbé e lọ bá a. Láti ọjọ́ náà kò tíì kan omi. Ẹ jẹ́ kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lé odò, kí ilé ìbọn yí sọ́tùn-ún, kí ó yí sósì. Nígbà tí ó bá dúró ṣinṣin, Fúnṣọ́, kígbe pé ọkọ̀ dúró, bí o ti kígbe pé ó rì lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá padà dé tí mo ṣì ń mí, ẹ sọ ọ́ sí mi létí. Bí ẹ kò bá bá mi mọ́, ẹ má kọ Díákónì sára pósí mi. Orúkọ tí ẹ fún Afọláyan, tèmi ni. Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ fi sin mí.