Àwọn Tó Tètè Kúrò Lórí Bẹ́ẹ̀dì

NỌ́Ọ̀SÌ: Hẹ́lò?

ONÍṢIRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàsán. Ẹ kú iṣẹ́. Ibo lẹ wà?

NỌ́Ọ̀SÌ: O ò tíì kí mi tán, o ti ń bèèrè ibi tí mo wà. Yàrá aṣọ ni mo wà, mò ń ka ṣíìtì. Ilé ńkọ́?

ONÍṢIRÒ: A dúpẹ́. Màmá wa ńkọ́?

NỌ́Ọ̀SÌ: Wọ́n wà lórí bẹ́ẹ̀dì kẹrin, wọ́n ń sun oorun ọ̀sán. Ikọ́ yẹn ti rọlẹ̀. Láàárọ̀ wọ́n tún bú ọ, wọ́n ní nọ́ńbà lo fi ṣe ọkọ.

ONÍṢIRÒ: Oògùn wo ni wọ́n—

NỌ́Ọ̀SÌ: Dúró, kí n má ṣi kíkà. Mẹ́tàlélógún. Ehn?

ONÍṢIRÒ: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ṣíìtì sílẹ̀. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

[ariwo network]

NỌ́Ọ̀SÌ: Ohùn rẹ ń já. Ṣé ti ìwádìí yẹn ni? Dókítà Onígíláàsì fi iṣẹ́ rẹ hàn wá ní ìpàdé ọjọ́ Ajé. Wọ́n ní nọ́ńbà tí ẹ ń pè ní p jẹ́ 0.03, pé nínú ọgọ́rùn-ún, mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ló dájú pé oògùn tuntun dára ju ti àtijọ́ lọ. Mo pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ mi fi ta. Mo ní àbúrò mi ni.

ONÍṢIRÒ: Kì í ṣe ohun tó túmọ̀ sí nìyẹn.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ìwọ náà lo kọ ọ́.

ONÍṢIRÒ: Mo kọ nọ́ńbà. Ogójì èèyàn gba tuntun, ogójì gba ti àtijọ́. Mo ka ọjọ́ tí oníkálukú lò lórí bẹ́ẹ̀dì, mo fi ìṣirò tí à ń pè ní t-test wé àròpín wọn. Àwọn tuntun tètè kúrò. Àmọ́ ẹnìkan nínú ti àtijọ́ jókòó síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́tàlélọ́gọ́rùn-ún—

NỌ́Ọ̀SÌ: Mo rántí bàbá yẹn. Ó fẹ́ràn wa jù.

ONÍṢIRÒ: Òun nìkan fa àròpín sókè. T-test kì í gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́ra. Nítorí náà, láàárọ̀ yìí mo lo òmíràn, èyí tó ń to èèyàn sórí ìlà bí ọmọ ilé ìwé. Ẹni tó tètè kúrò wà níwájú, ẹni tó pẹ́ wà lẹ́yìn. Ipò wọn nìkan là ń wò.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ó sì bà á jẹ́?

ONÍṢIRÒ: Rárá. P tún kéré sí i. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ mọ àwọn tó wà níwájú ìlà. Mo ṣí fáìlì wọn.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ehn-ehn?

ONÍṢIRÒ: Mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, tuntun ni gbogbo wọn gbà. Ọjọ́ méjì. Ọjọ́ mẹ́ta.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ṣebí ohun tí à ń wá nìyẹn.

ONÍṢIRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, kò sí ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde nínú wọn.

[ariwo network]

ONÍṢIRÒ: Ṣé ẹ gbọ́ mi?

NỌ́Ọ̀SÌ: Mo gbọ́. Méjì ni mo mọ̀ ní wọ́ọ̀dù wa. Mo rò pé àìsàn wọn ló le.

ONÍṢIRÒ: Wọ́ọ̀dù mẹ́rin ni. Oníkálukú rí méjì, ẹnìkan rí mẹ́ta. Nínú àwọn tó gba ti àtijọ́, méjì péré ló kú láàárín gbogbo wọn.

NỌ́Ọ̀SÌ: Báwo lo ṣe wá kà wọ́n mọ́ àwọn tí ara wọn yá?

ONÍṢIRÒ: Ìwé tí wọ́n fún mi. Ta ló ń kọ ọ́?

NỌ́Ọ̀SÌ: Èmi àti àwọn nọ́ọ̀sì yòókù. Ìwé ṣíìtì ni. Bí bẹ́ẹ̀dì bá ti ṣófo, a ó kọ ọjọ́ sílẹ̀ kí alágbàfọ̀ lè wá kó aṣọ.

ONÍṢIRÒ: Ẹ kì í kọ bó ṣe ṣófo.

NỌ́Ọ̀SÌ: Kí ni alágbàfọ̀ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?

ONÍṢIRÒ: Èmi náà ò sì bèèrè. Ẹni tó kú lọ́jọ́ kejì, mo kà á sí ẹni tó lọ sílé lọ́jọ́ kejì.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ṣùgbọ́n p rẹ—

ONÍṢIRÒ: P ò purọ́. Ohun tó sọ ni pé, ká ní oògùn méjèèjì rí bákan náà, irú ìyàtọ̀ báyìí ì bá ṣọ̀wọ́n. Kò sọ pé ìyàtọ̀ ire ni. Àwa la pè é ní ire.

[nǹkan já bọ́ sílẹ̀]

ONÍṢIRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi. Èwo ni Màmá ń gbà?

NỌ́Ọ̀SÌ: Dókítà ní ká ṣì ní sùúrù. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní àbúrò mi ló ṣírò rẹ̀, kò lè ṣì í.

ONÍṢIRÒ: Láti ìgbà wo?

NỌ́Ọ̀SÌ: Àná, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

ONÍṢIRÒ: Ẹ lọ pa dírípù yẹn.

[ẹsẹ̀ tó ń sáré, ilẹ̀kùn]

ONÍṢIRÒ: Ẹ má gbé fóònù sílẹ̀. Fáìlì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, nǹkan kan náà ni wọ́n kọ kẹ́yìn sínú wọn. Ara tù ú, ó ń bèèrè ilé. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan mọ́. Ṣé ẹ gbọ́—

NỌ́Ọ̀SÌ: Mo ti pa á.

ONÍṢIRÒ: Báwo ló ṣe ṣẹ́kù tó?

NỌ́Ọ̀SÌ: Ìsàlẹ̀ ìgò ló kù.

ONÍṢIRÒ: Ẹ pe dókítà.

NỌ́Ọ̀SÌ: Mo ti tẹ aago. Wọ́n ń bọ̀.

ONÍṢIRÒ: Ṣé wọ́n ń mí dáadáa?

NỌ́Ọ̀SÌ: Wọ́n ti jí. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi. Ṣé o gbọ́ mi? Wọ́n ní kí n kí ọkọ rẹ.

ONÍṢIRÒ: Kí ni wọ́n tún ń sọ? Mò ń gbọ́ ohùn wọn.

[ariwo network]

NỌ́Ọ̀SÌ: Wọ́n ní ara àwọn fúyẹ́. Wọ́n ń… àbúrò mi, wọ́n ti jókòó. Wọ́n ní kí n wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí n bá àwọn mú bàtà—

[ìpè já]