Orin Tí Mo Dá sí Ilé Bẹẹrẹ

Ẹ jẹ́ kí n pọ̀ ọ́ jáde, ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí mo ti gbé mì láti ìgbà èwe kò jẹ́ kí inú mi rọlẹ̀ mọ́. Eyín mẹ́ta ló kù lẹ́nu mi, mi ò fẹ́ kí wọ́n sin òtítọ́ yìí mọ́ wọn. Lánàá ni Bọ́lájí, ọmọ ọmọ mi tó ń du ìbò láti kúrò ní ìgbìmọ̀ ìlú lọ sí ìgbìmọ̀ ńlá, wá dọ̀bálẹ̀ níwájú mi. Ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ dá orin kan fún wa tí a ó fi bú alátakò mi. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ fi orin gbé Bàbá àgbà dórí oyè." Mo rẹ́rìn-ín títí ìtọ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lára mi. Ìgbà tí ẹ̀rín tán ni ẹkún dé.

Ọkọ mi, Fàsásì, ni mọ́gàjí ilé wa ní Bẹyẹrúnkà, olórí agbo ilé. Òyìnbó ti dé, ogun ti tán, ṣùgbọ́n wọn kò tíì kọ́ gbọ̀ngàn sórí òkè Mápó. Oyè Jagun ṣófo, ó wá ku mọ́gàjí méjì tó ń du ú: ọkọ mi àti Yésúfù ará Bẹẹrẹ. Jagun ni ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ lórí àkàbà oyè Ìbàdàn. Mọ́gàjí tí kò bá tẹ̀ ẹ́, ilẹ̀ ni yóò wà títí yóò fi kú. Àwa ìyàwó ilé la máa ń kọrin fún ẹni wa káàkiri ìlú, èmi Àwẹ̀ró sì ni aṣáájú. Ẹ má wò mí báyìí o! Bí mo bá ké e ní Mápó nígbà náà, ewúrẹ́ Mọlété á ta jí. Ìdí mi pàápàá a máa bá mi gberin.

Sìdí, ìyàwó Yésúfù, ni ọ̀rẹ́ mi. Ògùnpa la ti jọ ń pọn omi. Mo yà kí i lọ́jọ́ kan, mo bá Gàfárù, ọmọkùnrin rẹ̀, lórí ẹní. Ìta ló ń ṣe é, ara sísú lásán tó ń ṣe gbogbo ọmọdé. Mo gbé e lé itan, mo fi omi tútù nù ún. Mo délé, mo rò ó fún ọkọ mi, nítorí ẹnu mi kì í dúró de orí mi.

Fàsásì ní, "Ṣé ó sú sí i lára dáadáa?"

"Ó sú, Bàbá."

"Ta ló wá máa mọ̀ bóyá ìta ni tàbí ilẹ̀ẹ́gbóná?"

Ó yé mi. Ilẹ̀ẹ́gbóná là ń pe ṣànpọ̀nná kí ó má baà gbọ́ orúkọ ara rẹ̀. Ilé tó bá wọ̀, ẹnikẹ́ni kì í yà síbẹ̀. Kí ọbẹ̀ mi tó jinná, orin ti jinná:

Ilẹ̀ ń gbóná nílé kan ní Bẹẹrẹ,
Ẹ má yà níbẹ̀ o!
Ẹni tí ilẹ̀ ilé rẹ̀ ń gbóná,
Ibo ni yóò tẹ́ ẹní oyè sí?

Ọjà'ba gbé e, Ògùnpa gbé e. Aládùúgbò kò fún ilé Yésúfù níná mọ́. Ẹni tó ń ta ewé àti egbò ní ewé tán. Sìdí dé odò, àwọn obìnrin fi igi lé e kí ó má baà kó àrùn sómi.

Ó wá bá mi ní Ọjà'ba níbi tí mo ti ń kọrin, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Àwẹ̀ró, o gbé ọmọ mi lé itan. Sọ fún wọn pé ìta ni. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, kò sí omi nílé." Gbogbo ojú wà lára mi. Gbólóhùn kan péré ni! Mo ya ẹnu ńlá yìí, mo gbé orin náà. Mo tilẹ̀ jó, ẹ̀yin ọmọ mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Sìdí dìde, ó nu ẹrẹ̀ orúnkún rẹ̀, ó lọ. Gàfárù kú kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.

Wọ́n fi ọkọ mi jẹ Jagun. Bí a ti ń kọrin bọ̀ láti ibi ìwúyè, Sìdí dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Mo rò pé yóò gbé mi ṣépè. Ó ní, "Orin rẹ dùn, Àwẹ̀ró. Àmọ́ orúkọ ọmọ mi kò sí níbẹ̀. Fi sí i." Fàsásì gun àkàbà náà lọ sókè. Èmi kò kọrin mọ́ láti ọjọ́ náà, wọ́n ní ọ̀fun ló ń dùn mí.

Sìdí ti kú. Ẹ̀yin arọ́mọdọ́mọ Yésúfù, ẹ dákun, ẹ forí jì mí, bí ó bá ṣeé ṣe. Bọ́lájí, bí ipò bá wù ọ́, fi ẹsẹ̀ ara rẹ gùn ún. O ní kí n dá orin fún ọ. Mo ti dá a:

Gàfárù ọmọ Sìdí,
Ìta ló ṣe é,
Òùngbẹ ló pa á,
Ẹnu Àwẹ̀ró ló gbé omi rẹ̀ mì.