Ẹni Tó Gbẹ̀yìn Ló Ń Kọ́kọ́ Mú

Etí mi yìí, bí èèrà méjì bá ń jà ní Coolock lápá kan Dublin, màá gbọ́ ọ ní Ongar lápá kejì, ká má tíì wá sọ ti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó jókòó níwájú mi nínú ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n ń fi fóònù àbúrò ṣeré bí ẹni ń yan ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́ ju bọ́ọ̀lù, tí wọ́n sì ń kọlu ara wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù yìí ni ká mú."

"Ta ló máa dúró níwájú ẹ̀ káwọn òmìrán yẹn má fọ́ ọ? Géńdé tó sanra yìí ni kó o mú, káwọn yòókù tó gbé e lọ."

"Grand, ó dáa bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa gbé e, àwa la máa kọ́kọ́ mú."

"Ṣé àwa la gba ife ni?"

"Rárá, àwa la gbẹ̀yìn. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó gbẹ̀yìn ló ń kọ́kọ́ mú."

"Nílé wa, ta ló ń kọ́kọ́ mú ẹran?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Eegun lẹ máa ń ṣẹ́ kù fún mi."

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó gbẹ̀yìn ló ń kọ́kọ́ mú. Wọ́n láàánú o. Èmi tí mo gbẹ̀yìn dé Dublin, orí àga pálọ̀ rẹ ni mò ń sùn. Mo ti ń wá yàrá kiri."

"Ẹ ò ní lọ síbì kankan. Ẹ mú yàrá tó bá wù yín nílé mi."

"Èwo ló tóbi jù?"

"Tèmi àti ìyàwó mi ni."

"Ìyẹn ni mo mú."

Àbúrò ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ti ń pe ìyàwó ẹ̀ pé kó máa kó ẹrù wọn jáde ní yàrá.