Abẹ́rẹ́ Tí Mo Sún Lára Ọrun Akínlolú

Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ẹnu mi tó tún kọ̀ mí. Ìyá Akínlolú ti kú ní Ìsẹ́yìn, òkú wọn ṣì wà ní mọ́ṣúárì, ọmọ tí wọ́n bí sì jókòó sí Padova ní Ítálì níbí, títí di àná ló ń sọ pé òun ò ní lọ sin wọ́n, nítorí pé àjẹ́ ni wọ́n. Irọ́ ni o. Màmá kì í ṣe àjẹ́. Èmi Ọlánípẹ̀kun, díákónì nínú ìjọ, ni mo sọ wọ́n di àjẹ́, mo sì pa ẹnu mọ́ títí ikú fi dé. Ìyàwó mi pàápàá kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí.

Èmi ni mo kọ́ Akínlolú ní ọfà títa. Ẹgbẹ́ tafàtafà kan wà lẹ́yìn magazzino, ilé ìkẹ́rùsí tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ la máa ń lọ ní Sátidé láti ta ọfà sára koríko gbígbẹ. Ẹnjiníà ni Akínlolú, mo dàgbà jù ú lọ dáadáa, ẹ̀gbọ́n ló sì máa ń pè mí. Àwa méjèèjì jọ gba ìwé àṣẹ láti máa fi ọrun dọdẹ ẹlẹ́dẹ̀ igbó lórí àwọn òkè tó wà lókè Bologna. Nígbà tí àsìkò ọdẹ ń sún mọ́lé, ó fẹ́ ra mirino, ìyẹn ohun tí wọ́n máa ń dè mọ́ ara ọrun láti fi wo ibi tí ọfà máa balẹ̀. Oríṣi méjì ló wà. Fisso ní abẹ́rẹ́ mélòó kan tó tò léra, ọ̀kọ̀ọ̀kan wà fún ibi tí ẹran bá jìnnà dé, kò sì sí ohun tí èèyàn máa yí. Èkejì ní abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo, pẹ̀lú róbótó kékeré kan tí èèyàn máa ń yí bó bá ti rí i bí ẹran ṣe jìnnà tó. Mo ní kó ra fisso. Mo ní tí ẹran bá yọ lójijì, tí àyà èèyàn ń já, ta ló fẹ́ ráyè yí nǹkan?

Ìṣojú àwọn Òyìnbó ẹgbẹ́ wa ló ti dá mi lóhùn. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Fisso yín yẹn, ti àwọn nonno ni. Abẹ́rẹ́ rẹpẹtẹ lójú èèyàn, confusion ni. Èmi, ọ̀kan ṣoṣo, preciso, finish." Nonno tí wọ́n gbọ́ níbẹ̀ ti tó, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní nonno, bàbá àgbà. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ẹ ò mọ irú èèyàn tí mo jẹ́. Bí mo bá sọ pé òjò máa rọ̀ tí kò rọ̀, mo lè bá ojú ọ̀run jà.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mo wà nínú ilé ìdáná Akínlolú nígbà tí ìyá rẹ̀ pè. Ó gbé fóònù sórí tábìlì kí gbogbo wa lè gbọ́. Màmá ní, "Akin ọmọ mi, jọ̀ọ́, ṣé ẹran tí wọ́n ń tà lọ́jà ò tó ọ ni? Ọkàn mi ò lélẹ̀ sí igbó yẹn rárá. Má lọ." Akínlolú ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀ jàre, non succede niente, nǹkan kan ò ní ṣẹlẹ̀." Olútóyìn ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ẹ fi ọ̀rọ̀ Màmá yẹn sọ́kàn, nítorí òun ni mo padà wá fi pa wọ́n.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ ọdẹ, Akínlolú gbé ọrun wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, nínú capannone, ilé iṣẹ́ àtijọ́ tí a ti ń jọ́sìn. Pásítọ̀ Olújùwọ́n ta òróró sí ọrun náà. Wọ́n ní, "Ọfà àkọ́kọ́ tó bá kúrò lára ọrun yìí, àkọ́so ni. Ẹran ni yóò bà. Kí ẹnikẹ́ni má fi í ta ọfà mọ́ títí ọjọ́ náà." Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọfà títa á ti rí bí èéfín ṣe ń rú bọ̀: kò sí ọdẹ tó máa wọ igbó láìkọ́kọ́ dán ọrun rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ yẹ ohun tí Ọlọ́run ti fọwọ́ sí wò? Akínlolú ní turno, iṣẹ́ ọ̀sán, ní ọjọ́ náà. Ó gbé ọrun lé mi lọ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ o."

Mo gbé e wọ yàrá ẹ̀yìn, níbi tí a ń kó àga sí. Mo tú ìdè abẹ́rẹ́ náà, mo sún un sókè díẹ̀ kí ọfà lè máa rẹlẹ̀, mo tún un dè. Mo fi ìdí ẹ̀wù mi nu òróró kúrò lọ́wọ́. Ohun tí mo fẹ́ kò ju kí ọfà tàsé lọ, kí n lè sọ pé, "Ṣé o rí i? Mo sọ fún ẹ." Gbólóhùn yẹn nìkan ni mo wá. Ẹ wo ohun tí mo fi rà á!

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọdẹ, èmi àti Akínlolú jọ wà lórí òkè nígbà tí ẹlẹ́dẹ̀ igbó kan jáde. Akínlolú yí róbótó rẹ̀ bó ṣe yẹ, ó fara balẹ̀, ó tú ọfà sílẹ̀. Ọfà rẹlẹ̀, ó wọ ẹran náà ní ikùn. Inú rẹ̀ dùn, ó sáré tọ̀ ọ́ kí n tó lè pè é padà. Ẹran tó gbọgbẹ́ yẹn ṣẹ́rí padà, ó sì fi eyín fa itan rẹ̀ ya. Mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi, mo fi di ojú ọgbẹ́ náà, ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka mi jáde. Ó ń wò mí lójú. "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé? Mo yí i dáadáa." Mo ní, "Mo mọ̀."

Ká ní ibẹ̀ ni mo dúró sí, bóyá Ọlọ́run á ti gbójú fò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tó kúrò ní ọsibítù, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò nà mọ́, a lọ gbàdúrà ní pálọ̀ rẹ̀. Pásítọ̀ ń béèrè pé ọwọ́ ta ló wà nídìí èyí. Akínlolú ń wo ọrun tó fi kọ́ ara ògiri. Ó ní, "Mo fẹ́ kí ẹnì kan bá mi yẹ mirino yẹn wò." Ẹnu mi yá ju ọkàn mi lọ. Mo ní, "Pásítọ̀, kí la wá fẹ́ pe ti Màmá? Wọ́n sọ ọ́ kó tó ṣẹlẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀?"

Pásítọ̀ mi orí. Olútóyìn pariwo, "Jésù!" Akínlolú gbójú kúrò lára ọrun, ó ń wò mí bí ẹni tí wọ́n fọ́ létí. Kò sí ẹni tó tún dárúkọ mirino. Èmi fúnra mi ni mo bá wọn gbé ọrun náà lọ dànù.

Láti ọjọ́ yẹn, kò gbé ìpè ìyá rẹ̀ mọ́. Ni Màmá bá bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí. "Ọlánípẹ̀kun, kí ni mo ṣe fún ọmọ mi?" Màá ní, "Màmá, iṣẹ́ ni. Ara ẹ̀ ń yá." Wọ́n á gbàdúrà fún mi, wọ́n á kí àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbàkígbà tí mo bá fẹ́ jẹ́wọ́, màá ní kí wọ́n bá mi kí àwọn ará ilé. Mo ń sọ pé lọ́la, lọ́la, títí tí kò fi sí Màmá mọ́ láti pè mí.

Mo lọ bá Akínlolú lánàá, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo rò pé á fi ọ̀pá tó fi ń rìn lù mí. Mo tilẹ̀ ń retí rẹ̀. Kò lù mí. Ó mú fóònù, ó wá àwọn ohùn tí ìyá rẹ̀ ti ń fi ránṣẹ́ sí i, tí kò ṣí rárá. Ó tẹ ọ̀kan. Mofẹ́olúwa ọmọ rẹ̀ obìnrin sáré wọlé, ó ní, "Papà, è la nonna?" Ó ń béèrè bóyá ìyá àgbà ni. Màmá ní, "Akin, mo mọ̀ pé iṣẹ́ ò jẹ́ kí o ráyè. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ. Òun nìkan ló ń gbé fóònù mi. Má fi í sílẹ̀ o, irú ẹ̀ ò pọ̀."

Ó tún un tẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa lọ." Mi ò mọ̀ bóyá ó máa lọ sin ìyá rẹ̀, mi ò sì lẹ́nu tí mo lè fi bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ. Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹni tó bá súnmọ́ ọn nínú yín, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tí wọ́n bá já yín ní koro níwájú èèyàn, ẹ jẹ́ kó dùn yín, kó sì tán síbẹ̀. Akínlolú, dárí jì mí tó bá ṣeé ṣe. Fisso ló dára jù fún inú igbó, mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún mọ́.