Ẹrẹ̀ Àkùrọ̀ Ọ̀tan-Ilé

Jóṣúà Àkànní, ọmọ Ọwá, ọmọ ẹkùn, Ìjẹ̀ṣà Òṣèré onílé obì, ló kú. Ibi tí àwa ẹbí ti ń dúró gba òkú rẹ̀ ní ọsibítù l'Óṣogbo ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ àti ọkùnrin kan tó ń ṣèwádìí àìsàn.

"Màmá, kòkòrò kan wà nínú ẹrẹ̀ tó ń gba ojú ọgbẹ́ wọlé, tó sì ń bani lẹ́dọ̀fóró jẹ́. Ẹ jẹ́ ká bu díẹ̀ nínú ẹrẹ̀ àkùrọ̀ yín l'Ọ̀tan-Ilé lọ yẹ̀ wò. Ṣé bàbá fi ẹrẹ̀ dí ojú ọgbẹ́ wọn?"

"Ta ni àdá ṣá lóko tí kò fi ẹrẹ̀ dí i? Ikọ́ ife lẹ̀yin ọsibítù pe àìsàn rẹ̀. Ó kú tán, ẹ wá gbé ìgò dé!"

"Nítorí àwọn ọmọ yín tó ṣì ń wọ àkùrọ̀ yẹn ni, Màmá."

"Ẹ lọ bù ú. Ẹ rójú wo ilẹ̀, ẹ ò rójú wo ọkọ mi."

Ohun tí ọsibítù ṣe yẹn ṣì ń bí mi nínú. Ọjọ́ Sátidé la sin Àkànní.